Pankẹ́rẹ́ Tí Màámi Mú Wá Fún Mísíìsì Ògúnṣínà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀, kò sí òbí tó ń bá tíṣà jà. Tí tíṣà bá nà ọ́ nílé ìwé, o ò ní dán an wò kí o sọ ọ́ nílé, torí wọ́n á tún fi tilé lé e. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí. Láàárọ̀, n ó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, n ó gbá iwájú ilé, kí n tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Tí àwọn tírélà tó ń lọ sílé iṣẹ́ ńláńlá bá dí ọ̀nà, mo ti pẹ́ nìyẹn, n ó sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kúnlẹ̀ sẹ́nu géètì.

Ilé ìwé wa kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Tó bá ti ń lọ sí ọ̀sán, òórùn bisikíìtì gbígbóná á gba ojú fèrèsé wọlé, ikùn wa á sì máa kùn. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n fi Máàsì sí.

Mísíìsì Ògúnṣínà ló ń kọ́ wa. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ohùn wọn kì í ròkè, wọn kì í sì í na ọmọ. Tí nǹkan ò bá yé ọ, wọ́n á wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì rẹ, wọ́n á ní, "Ó dáa, ibo ló ti dàrú mọ́ ẹ lójú?" Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ títí o fi máa fi ìka kan ibẹ̀ hàn wọ́n. Gbogbo kíláàsì á dákẹ́, wọ́n á máa wò ọ́. Háà, ẹgba sàn jù ú lọ! Ẹgba máa ń tètè tán.

Màámi, tí wọ́n ń ta ike ní ọjà Bọ́ládé, kò gba ti tíṣà tí kì í na ọmọ rárá. "Kí ló wá ń fi kọ́ wọn? Ẹ̀rín?" Màámi kò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ìwé ń náni. Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú Máàsì ní kíláàsì kẹta, wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ ní táàmù tó kàn, ká gbàgbé ilé ìwé, kí n lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Ìyá Kẹ́mi ní Jakande Estate. Wọn ò ṣeré o. Wọ́n ti bá Ìyá Kẹ́mi sọ ọ́, wọ́n tiẹ̀ ti fi máṣíìnì tí n ó máa jókòó tì hàn mí. Iṣẹ́ ìránṣọ kò burú, àmọ́ ìwé ni èmi fẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí ilé ìwé pe àwọn òbí, Màámi wọ ìró àti bùbá wọn tó dáa jù, wọ́n há báàgì mọ́ abíyá, wọ́n sì mú pankẹ́rẹ́ tuntun kan dání. Wọ́n wọlé tọ Mísíìsì lọ níwájú gbogbo kíláàsì. "Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Mo mú èyí wá fún yín. Ẹ bá mi nà án dáadáa, kí ẹ ṣáà ti fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀ bóyá ó máa lanu, kò lanu. Mísíìsì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣeun, mà. Ó máa wúlò."

Ó wúlò lóòótọ́. Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń fi í tọ́ka sí bọ́ọ̀dù. Wọ́n á fi kan ìlà kan, wọ́n á fi kan igun kan, wọ́n á wá kọjú ẹ̀ sí mi: "Ẹni tó ni pankẹ́rẹ́, èyí ńkọ́?" Kò kan ara ọmọ kankan. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sọ mí ní Pankẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ojú mi kàn ń tẹ̀ lé e ni, ohun tó bá kàn sì ń yé mi díẹ̀díẹ̀.

Ó ṣe mí ní kàyéfì pé kí a tó ṣèdánwò rárá, Màámi ò dárúkọ Ìyá Kẹ́mi mọ́. Mi ò béèrè. Mo yege, Màámi sì ròyìn káàkiri Bọ́ládé: "Pankẹ́rẹ́ mi ló ṣiṣẹ́ yẹn!"

Lónìí, bọ́ọ̀dù funfun ni ti ọmọ tèmi, iná pupa kékeré ni tíṣà wọn fi ń tọ́ka sí i. Tí tíṣà bá gbójú mọ́ ọmọ, òbí á ti dé ẹnu géètì, ariwo á ta. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n na ọmọ mi o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rí òbí tó ń wọlé lọ sọ fún tíṣà mọ́ pé ọmọ yìí, tiyín ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wá sọ fún Màámi pé pankẹ́rẹ́ yẹn kò na ẹnì kankan rí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.

"Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀? Mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí n wò ó bóyá wọ́n ń lò ó. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà yẹn fi pankẹ́rẹ́ mi kan bọ́ọ̀dù, wọ́n pè ọ́, o dìde, o wá ń sọ ohun tí èmi ò gbọ́ rí. O ń sọ ọ́ lọ geere." Wọ́n fẹ́ ìdọ̀tí ẹ̀wà dànù. "Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Ìyá Kẹ́mi lọ. Mo ní kó wá ọmọ iṣẹ́ mìíràn."