Ọ̀pá Tí Ọ̀gá Mi Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Mo rántí òórùn aṣọ tuntun àti tùràrí tó máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọ̀gá mi ní àdúgbò Fante New Town. Ará Íńdíà ni, ẹlẹ́sìn Híńdù. Kì í jẹ ẹran, kì í jẹ ẹja, bí aáyán bá sì wọ inú báálì aṣọ, pépà ni yóò fi rọra gbé e síta. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí àjò, ní àdúgbò Krofrom nínú ìlú kan náà, tí mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún un, ojo ni mo pè é nínú ọkàn mi. Mo ní èjìká nígbà náà, mo sì rò pé èjìká ni ọgbọ́n.

Lọ́sàn-án tí ọjà bá dákẹ́, yóò máa fi Twi, èdè àwọn onílùú, tó máa ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, sọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn wọn fún mi. Ó ní jagunjagun kan dé ojú ogun, ó rí i pé àwọn ìbátan òun ló wà ní ìhà kejì, ọwọ́ rẹ̀ rọ, ó ní òun kò jà mọ́. Wọ́n wá sọ fún un pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ìbínú ṣe é, kò sì gbọdọ̀ wá èrè níbẹ̀. Mo bi í pé ẹni tí kò lè pa aáyán, kí ló kàn án pẹ̀lú ogun? Ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín o, Baba Eléjìká."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin alárù kan sáré wọlé tọ̀ wá, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù oníbàárà lórí rẹ̀. Òun àti ẹlẹ́rù ti sọnù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárín èrò. Bó ṣe ń wá ẹlẹ́rù kiri ni ẹlẹ́rù ti ké olè. Èrò ya tẹ̀ lé e pẹ̀lú òkúta àti pátákó. Ẹni tó ṣáájú wọn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n ń pè ní tirótiró, ọ̀rẹ́ mi ni. A jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, a jọ ń kírun Jímọ́ọ̀. Ó ní kí n yà lọ́nà. Kí n má purọ́, ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ yà.

Ọ̀gá mi mú ọ̀pá onírin tí a fi ń wọn aṣọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹnu ọ̀nà yìí, iṣẹ́ rẹ ni."

"Ọ̀gá, ọ̀rẹ́ mi ni."

"Mo mọ̀. Dúró."

Awakọ̀ gbé pátákó sókè láti là á mọ́ obìnrin náà. Mo gbá a lọ́wọ́, pátákó já bọ́, àwọn tó kù sún sẹ́yìn. Ó yẹ kó tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè mí ní ajá ará Íńdíà, ìbínú sì bò mí lójú. Mo tún gbé ọ̀pá sókè, orí rẹ̀ ni mo fojú sùn. Ọ̀gá mi di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sọ ọ́ sí mi létí jẹ́jẹ́: "Iṣẹ́ ti parí. Èyí tó kù yìí, tìẹ ni."

Mo sọ ọ̀pá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹlẹ́rù fi dé, ó tú ẹrù rẹ̀ wò, kò sí ohun tó dín. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

Awakọ̀ yẹn yan mí lódì títí ààwẹ̀ fi dé. Lọ́jọ́ Ìtúnu ló wá sí Krofrom, ó na ọwọ́ tí mo gbá sí mi, ó ní òun ì bá ti pa ìyá ọlọ́mọ.

Mùsùlùmí ni mí, bẹ́ẹ̀ ni n ó sì ṣe kú. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń ní kí n sọ bí mo ṣe gbá pátákó bọ́ lọ́wọ́ géńdé, mo sì máa ń sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo gbé ọ̀pá sókè tí n kò gbá ni wọn kì í bèèrè. Òun gan-an ni mo fi ń yangàn.