Tún-un-Wọ̀n àti Sìlíńdà Alùpùpù Agbẹ̀bí

Ọjọ́ tí Tún-un-Wọ̀n kọ̀ láti dá alùpùpù agbẹ̀bí padà fún un, ọmọ agbẹ̀bí náà gan-an ló ń rọbí lódìkejì òkè. Bí wọ́n bá dárúkọ Tún-un-Wọ̀n olóògbé níbikíbi, ìtàn yìí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, kálukú á sì bu iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fún ara rẹ̀ lórúkọ, torí kò sí ohun tí èèyàn wọ̀n lójú rẹ̀ tí kò ní sọ pé, "Tún un wọ̀n."

Agbẹ̀bí jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, fóònù lọ́wọ́ òsì, ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹ̀rù bá ti ń ba obìnrin yìí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè ni: "Màmá, ó ti bẹ̀rẹ̀ o. Agbẹ̀bí tó wà níbí sì ti rìnrìn àjò." Ọ̀nà orí òkè kò gba ọkọ̀. Àwọn tó ní alùpùpù sì ní kàkà káwọn yá èèyàn ní alùpùpù lọ síbẹ̀, àwọn á yá a ní eyín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó pọ̀ kí n máa lọ."

"Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Mo ń wọ̀n ọ́n ni."

"Ẹ ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀."

"Àárọ̀ ti kọjá."

Sìlíńdà ló ń wọ̀n, ihò irin tí písítìnnì ń sáré gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì mìíràn ló kánjú tò ó pọ̀ nígbà kan, ni písítìnnì bá há sínú rẹ̀ ní agbedeméjì òkè, alùpùpù sì ju agbẹ̀bí sínú igbó tòun ti báàgì rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹ́ńjìnnì bá wúkọ́, àyà obìnrin náà á bá a wúkọ́.

Tún-un-Wọ̀n ki gééjì, irin tó fi ń wọn nǹkan, bọ inú sìlíńdà. Ó wọ̀n ọ́n lókè, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. Ó yí gééjì dábùú, ó tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Bákan náà ni.

Agbẹ̀bí dìde. "Ó ti parí nìyẹn."

"Ó kù." Ó gbé àwo irin nípọnnípọn kan tí wọ́n lu ihò sí láàárín, ó fẹ́ fi dé orí sìlíńdà. "Sìlíńdà tí wàhálà ò tíì bá, ta ni ò mọ̀ pé á rí róbótó? Ẹ jẹ́ n di bóòtù mọ́ ọn bó ṣe máa rí lójú ọ̀nà, ká wá wo ìwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé ọjọ́ tí ayé bá fún wọn mọ́ ni wọ́n tó ń wọ́."

Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn kó lè rí i dáadáa. Ó fẹ́ èèpo kúrò lára ẹ̀pà, ó dà á sẹ́nu. Bàbá dé àwo náà, ó di bóòtù, ó ki gééjì bọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ti di ẹyin."

Ó dẹ bóòtù díẹ̀, sìlíńdà padà di róbótó. Ó tún dì í, ó di ẹyin. Òógùn bo imú rẹ̀. "Sìlíńdà yìí ń ṣojú ayé."

Fóònù dún. "Màmá, ibo lẹ dé?"

"Mo ti wà lọ́nà," ni agbẹ̀bí wí lórí bẹ́ǹṣì.

Gbogbo ohun tí agbẹ̀bí ti ń fi ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ó rántí ọjọ́ tí bàbá lọ ra ìkòkò, tó ń fi gééjì wọn ẹnu ìkòkò kan dé òmíràn, tí ìyá oníkòkò bi í pé, "Bàbá, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè àbí ẹ́ńjìnnì?" Bàbá ní, "Ọbẹ̀ náà kì í gbóná ni?"

Ó rántí ti òrùka ìgbéyàwó náà. Bàbá bọ́ ọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n, ó mi orí. "Ìyá Ìbejì, òrùka wa ti wọ́."

"Ìka mi ló wọ́ ọ," ni ìyàwó dáhùn. "Ìka tó ń fọ aṣọ ọlọ́ìlì yín láti ọjọ́ tí mo ti wọlé yìí. Ẹ tún un wọ̀n." Ọjọ́ yẹn nìkan ni kò tún nǹkan kan wọ̀n.

"Bàbá," ni agbẹ̀bí wí, "ẹ tò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá fẹ́ há, kó há."

"Ibo ló máa há sí, Ìyá? Orí òkè ni. Ẹ ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ẹ ò sì ní lè padà wá bú mi."

Mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì pariwo wá pé, "Bàbá, ìwọ̀n irun kan ṣoṣo ló fi wọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá máa lọ."

"Irun kan ṣoṣo náà ni ìwọ rí nínú ọbẹ̀ lánàá tó o fi kọ oúnjẹ."

Ìyá Ìbejì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. "Ẹ gbé àwo yẹn kúrò pátápátá, ẹ nù ún."

"Mo ti nù ún."

"Ẹ tún un nù."

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n jí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó tú bóòtù, ó gbé àwo. Èèpo ẹ̀pà kan, pupa, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ̀ mọ́ ojú irin níbẹ̀, kò jẹ́ kí àwo jókòó dọ́gba. Gbogbo wọn yíjú sí agbẹ̀bí. Ó rọra gbé èyí tó kù lẹ́nu mì.

"Ìyá," ni Tún-un-Wọ̀n wí jẹ́jẹ́, "ẹ kó ẹ̀pà yẹn sápò."

Ó nu irin náà, ó di bóòtù, ó wọ̀n ọ́n. Róbótó. Wọ́n ní bó ṣe to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn nọ́ọ̀tì ń fò wọ àyè ara wọn kí wọ́n má baà gba èébú.

Ẹ́ńjìnnì kò wúkọ́ lórí òkè. Nígbà tí agbẹ̀bí dé, orí ọmọ ti yọ, okùn ìwọ́ sì wé mọ́ ọn lọ́rùn, ọkọ dúró gbagidi, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ọwọ́ agbẹ̀bí ló tú u. Ọmọ náà pẹ́ díẹ̀ kó tó ké, ó sì ké.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, Tún-un-Wọ̀n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Obìnrin ni," ni agbẹ̀bí dá a lóhùn.

Nígbà tí àìsàn tó gbé Tún-un-Wọ̀n lọ dé, dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Bàbá ní kó tún un wọ̀n lápá òsì. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó ní bákan náà ni. "Ó dáa nígbà náà," ni bàbá wí, "n ò tíì wọ́." Nọ́ọ̀sì ní láti jáde lọ rẹ́rìn-ín níta.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, pálọ̀ kún fún ẹ̀rín. Àwọn mẹkáníìkì ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, agbẹ̀bí sì ń fi etí gèlè nu omijé ẹ̀rín. Ìyá Ìbejì fà mọ́ ọn.

"Ẹ mọ ohun tó ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Rárá o."

"Ó jáde sójú títì, ó ń tẹ́tí sí alùpùpù yín. Ẹ ti kọjá sẹ́yìn òkè, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó ṣì dúró. Mo ní kó wá jẹun. Ó ní ẹ ò tíì dé."

Ẹ̀rín kúrò lójú agbẹ̀bí. "Kò wá jẹun?"

"Ó jẹun. Orí ìdúró ló ti jẹ ẹ́, lójú títì níbẹ̀. Èmi ni mo gbé abọ́ dání fún un, torí ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn etí."