Afẹ́fẹ́ Tó Ń Gba Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù Wọlé

Ẹ́síì ni Alhaja Rìsíkátù, oníbàárà mi àtijọ́, ní kí n wá tún ṣe nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní kò tutù, orí sì ń fọ́ wọn ṣáá. Mo yẹ ẹ̀rọ náà wò, kò sí ohun tó ṣe é.

"Alhaja, yàrá yín ló ń jò."

Wọ́n gbójú sókè wo àjà. "Òjò wo ló rọ̀?"

"Kì í ṣe omi. Afẹ́fẹ́ ni."

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Apọ́ngbọ̀n, Alájì Múfútáù, kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Afẹ́fẹ́ tí onílé dìídì ṣí fèrèsé fún, ilé ń mí nìyẹn. Èyí tó ń yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ìdí páìpù, jíjò ni. Bí o bá sì dí gbogbo rẹ̀ pátá, ilé ti dì pinpin, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò máa wá àtimí. "Kó o tó dí nǹkan," wọn a ní, "wádìí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀."

Mo tan tùràrí, mo ń gbé e káàkiri. Lókè fèrèsé, èéfín rẹ̀ ń fà jáde. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo bá ihò páìpù àtijọ́ kan, ibẹ̀ ni èéfín ti ń fẹ́ padà sójú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, mo gbọ́ òórùn pẹtiróòlù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ilé wà ló wà lódì kejì ògiri.

"Alhaja, ìgbà wo gan-an lorí máa ń fọ́ yín?"

"Tí wọ́n bá ti tan jẹ́n ni. Èébì a tún máa gbé mi. Oògùn ibà ni mo ń lò sí i."

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ jáde sí àgbàlá, mo ní kí àwọn ará ilé pa jẹ́n tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo ṣí gbogbo fèrèsé. Gáàsì kan wà nínú èéfín jẹ́n tí imú kì í gbọ́, ó sì ń pa èèyàn. Lúkúmọ́ọ̀nù ọmọ wọn sáré gbé wọn lọ sọ́síbítù, dókítà sì ní gáàsì náà ni lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n dé, Lúkúmọ́ọ̀nù ní, "Bùrọ̀dá Bàṣírù, ẹ sáà dí ihò yẹn."

"Mi ò ní dí i àfi tí jẹ́n bá kúrò lọ́dẹ̀dẹ̀. Tí mo bá dí ihò tí mo rí, èyí tí mi ò rí ńkọ́?"

Inú bí i. Ó ní olè á jí jẹ́n tó bá wà níta, kí n máa lọ, òun á pe ẹlòmíràn. Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi nígbà tí Alhaja sọ̀rọ̀ látorí àga wọn:

"Lúkúmọ́ọ̀nù, èwo lo fẹ́ kí wọ́n jí gbé, jẹ́n àbí ìyá ẹ?"

Wọ́n gbé jẹ́n lọ sẹ́yìn ilé pátápátá, jìnnà sí fèrèsé. Mo fi símẹ́ńtì dí ihò, mo fi rọ́bà sétí ilẹ̀kùn, mo wá lu ihò kékeré mìíràn sókè ògiri tó kọjú sí àgbàlá, mo fi nẹ́ẹ̀tì bò ó.

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. "Bàṣírù, o dí ọ̀kan, o tún lu òmíràn!"

"Èyí ni yàrá yín á máa fi mí, Alhaja."

Nígbà tó yá, mo ń gba ọjà Òkè Àrin kọjá, mo gbọ́ ohùn Alhaja kí n tó rí wọn. Wọ́n ń bá alábàárù kan jà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, nítorí páálí mílíìkì tó já lulẹ̀, ohùn náà sì gba gbogbo àdúgbò kan. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń gbádùn ohùn ẹni tórí ò fọ́ mọ́.