Dáàmù Tí Wọ́n Ní Ká Má Fọwọ́ Kàn

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Bí wọ́n bá ní kí n gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo máa ń sá sí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà ẹ má wo àṣìṣe mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nídìí dáàmù wa, bí mi ò bá sọ ọ́, ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Àárín omi ni abúlé wa wà, téèyàn bá ń ti Zion Pepe bọ̀ nínú ọkọ̀. Òkun wà níwájú wa, omi dídùn wà lẹ́yìn wa. Dáàmù ló pààlà sáàárín méjèèjì. Ilé iṣẹ́ kan tó wá wa epo ló gbẹ́ ọ̀nà omi láti inú òkun wọ inú igbó wa, kí ọkọ̀ ńlá wọn lè ráyè gbà. Nígbà tí omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹja àti igi, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti irin dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn.

Láti ìgbà náà, abúlé ló ń tọ́jú rẹ̀. Tí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, a máa ń yan ọjọ́ kan. Àwọn ọkùnrin á rì sómi lọ bu ẹrẹ̀ dúdú wá, àwọn obìnrin á fi agbọ̀n rù ú, a ó sì fi dí gbogbo ibi tó bá ti sán. Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ló máa ń léwájú àwọn obìnrin, òun ló ń dá orin. Tá a bá ṣe tán, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja yá. Ẹrẹ̀ á kún irun, ẹ̀rín á kún ẹnu!

Ilé Yèyé ló sún mọ́ dáàmù jù. Tó bá na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, díẹ̀ ló kù kó kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́ báyìí, èmi ni mò ń bá a gbé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o.

Nígbà tó yá, ara dáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í là, irin inú rẹ̀ ń yọ síta bí egungun. Abúlé bá pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, a ní kí wọ́n wá tún un ṣe. Wọ́n ní àwọn ti fi lé wa lọ́wọ́ tipẹ́, àwa la ni ín. Ìjọba náà ní kì í ṣe tàwọn. Ẹ gbọ́ ná! Nǹkan ńlá tó dúró lójú gbogbo ayé, ó wá di ọmọ tí kò ní baba!

Ibẹ̀ ni lọ́yà wa ti sọ ọ̀rọ̀ kan. Alága wa, Bàbá Táyọ̀, ló wá jíṣẹ́ rẹ̀ fún wa nípàdé. Lọ́yà ní ká má fọwọ́ kan dáàmù náà mọ́ rárá. Ẹrẹ̀ o, àpò iyanrìn o, ìṣó lásán o, a ò gbọ́dọ̀ fi síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń tún nǹkan ṣe ni kóòtù á sọ pé ó ni ín. Tá a bá dí ihò kan ṣoṣo, a ti gbà pé tiwa ni nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, àbí kò bọ́gbọ́n mu? Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Yèyé nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó béèrè bóyá lọ́yà ti sọ fún omi náà pé kó má fọwọ́ kàn án. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Táyọ̀ ní, "Yèyé, ẹ máa jẹ púpurú yín níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ òfin la ń sọ."

Lọ́dún yẹn, òjò dáwọ́ dúró, a ò yan ọjọ́ kankan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Ẹjọ́ ń lọ, ẹjọ́ ń bọ̀. Lónìí adájọ́ ò wá, lọ́jọ́ mìíràn lọ́yà tiwọn ń ṣàìsàn. Tá a bá ń wa ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù, ńṣe là ń gbójú sápá kejì, bí ẹni pé òkú ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀.

Ẹja ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Mo dẹ ìgèrè sínú omi dídùn lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí mo fà á sókè, ọ̀bọ̀kún ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún! Ẹja òkun! Kí ló ń wá níbẹ̀? Mo gbé e lọ han Yèyé. Ó wò ó títí, kò jẹ́ kí n sè é. Ó ní kí n dá a padà sí apá òkun, kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni akàn ń gun òpó ilé wa lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń wọlé bí àlejò tá a pè. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi mímu wa bẹ̀rẹ̀ sí í ní iyọ̀ tẹ́nì kankan ò fi sí i. Ìyá mi ní ẹnu mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Tí mo bá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara dáàmù, ó ń gbọ̀n. Díẹ̀díẹ̀ ni o, bí ara ọmọ tí ibà ń mú bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde níbi tó kọjú sí fèrèsé Yèyé gan-an. Ihò náà ò tóbi, ìka mi ló wọ̀ ọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa kanrí, ọwọ́ mi ti ń wọ̀ ọ́. Mo bẹ Yèyé pé ká kó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, ó kọ̀. Ó ní ibo ni òun fẹ́ sá lọ, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yìn dáàmù náà ni gbogbo abúlé wà?

Mo sáré lọ bá Bàbá Táyọ̀. Ẹ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ò tètè jáde lẹ́nu mi. Kí n tó parí gbólóhùn kan, ó ti ní òun gbọ́, òun máa sọ fún lọ́yà. Ó ní ó ku díẹ̀ kí ẹjọ́ parí, kí n ṣáà má lọ bà á jẹ́ fún wọn. Ó tilẹ̀ fún mi ní bisikíìtì kí n mú lọ fún Yèyé!

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ lórí afárá onígi, mo gbọ́ ohùn kan. Yèyé ti jókòó sójú fèrèsé, ó ń kọ orin ẹrẹ̀. Orin tí ọ̀pọ̀ ẹnu máa ń gbè, òun nìkan ló ń dá a, òun náà ló ń gbè é.

Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé agbọ̀n.

Mo dúró kí òkun fà sẹ́yìn díẹ̀, mo wọnú omi, mo bu ẹrẹ̀, mo fi àkísà wé e, mo sì ń kì í wọnú ihò náà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń kọjá, ó rọra dúró. Àwọn ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan gbé fóònù sókè. Ìtìjú mú mi, mo fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bojú. Ìtìjú lásán ni o! Ṣùgbọ́n nínú fótò yẹn, ńṣe ni mo dà bí ẹni tó ń jalè.

Ilé iṣẹ́ ló rán wọn. Kí a tó mọ̀, fótò ti dé ọwọ́ lọ́yà wọn.

Háà, ojú mi rí nǹkan! Tí mo bá gbé ẹja jáde láti tà, àwọn obìnrin á ní, "Onídáàmù ń kọjá o! Ẹ yà fún onídáàmù!" Àwọn kan á fi yẹ̀yẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n á ní ẹ kú àbójútó, ṣé ẹ máa yá wa ní dáàmù yín lọ́la? Ìyá mi pàápàá ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní gbogbo ohun tí abúlé fi sùúrù kọ́, èmi ti fi ẹrẹ̀ bà á jẹ́.

Wọ́n pè mí ní kóòtù. Èmi! Wọ́n ní kí n dúró síbi tí ẹlẹ́rìí máa ń dúró sí. Lọ́yà ilé iṣẹ́ gbé fótò sókè, ó béèrè bóyá èmi nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnì kan fipá mú mi? Mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra sún mọ́ mi bíi bùrọ̀dá rere.

"Àbúrò, má bẹ̀rù. Ta ló wá ni dáàmù yìí?"

Mo wo Bàbá Táyọ̀. Ó ń mi orí sí mi. Mo wo lọ́yà wa. Ó ti di ojú. Adájọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ sókè, òun ò gbọ́ mi.

Mo ní, "Mi ò mọ ẹni tó ni ín, sà. Ẹni tí omi máa gbé lọ ni mo mọ̀."

Adájọ́ gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí. Ó béèrè ta ni yẹn. Mo sọ fún un nípa Yèyé, ẹsẹ̀ rẹ̀, fèrèsé rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun máa wá fi ojú ara òun rí dáàmù náà. Ó sún ẹjọ́ síwájú.

Nínú ọkọ̀, nígbà tá à ń padà sílé, gbogbo wọn kẹ́yìn sí mi.

Omi ò dúró de adájọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọkùnrin ti lọ sójú òkun. Mo jáde láti fọ ohun tí mo fi ń yan ẹja. Kò sí atẹ́gùn. Omi dúró jẹ́ẹ́ bí epo inú àwo. Ẹ̀yin ará odò mọ̀ pé tí omi bá dúró bẹ́ẹ̀, ibi tó bá wu kálukú ọkọ̀ ló máa ń kọjú sí. Láàárọ̀ yẹn, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n so sẹ́yìn dáàmù ló kọjú síbì kan náà, bí ìjọ tó kọjú sí pẹpẹ. Okùn wọn le gan-an. Nǹkan kan ń tì wọ́n láti ìsàlẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n kọjú sí. Ìkángun kejì dáàmù ni, níbi tí ilé Bàbá Táyọ̀ wà: ibẹ̀ ni omi ti ń wọlé lábẹ́lẹ̀.

Mo pariwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pariwo! "Ẹ jáde! Ẹ jáde nílé o!" Ìyàwó Bàbá Táyọ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ohùn náà, pé òun rò pé wèrè kan ló wọ̀lú, òun jáde wá wò ó ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. Ẹnì kan sáré lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi sáré wọlé, mo pọn Yèyé sẹ́yìn bí ọmọ, mo gba orí afárá lọ.

Mo ti rò pé bí dáàmù bá já, á dún bí àrá. Kò dún bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló dún bí ìgbà tí àgbàlagbà tó ti rẹ̀ bá mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni omi pupa wọlé. Ilé Bàbá Táyọ̀ tẹ̀ lórí òpó rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn, kò sì dìde mọ́. Àwọn ilé tó tẹ̀ lé e náà lọ. Ọlọ́run ṣàánú, omi ò gbé ẹnì kankan.

Ilé Yèyé ṣì dúró. Ṣé ẹrẹ̀ mi ló dì í mú ni? Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìkángun kejì ọ̀hún ni omi kọ́kọ́ yàn.

Ẹja omi dídùn kú, wọ́n léfòó funfun báláú. Omi tá a fi ń se oúnjẹ, ọkọ̀ la fi ń lọ pọn ọ́n báyìí láti Mahintedo. Ẹjọ́ ńkọ́? Ẹjọ́ ń lọ! Ilé iṣẹ́ ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jà lórí dáàmù, báyìí, ta ló ni ihò? Lọ́yà wa náà ní a ò gbọ́dọ̀ dí i, torí pé ẹ̀rí ni ihò náà.

Iyàrá iwájú nílé Yèyé ni Bàbá Táyọ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ ń sùn. Lọ́jọ́ kan, Yèyé bi í nídìí oúnjẹ pé, "Alága, tí tèmi yìí náà bá ṣí, ṣé ká fọwọ́ kàn án, àbí ká kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí lọ́yà?" Alága ń fi ìka yí púpurú po nínú àwo.

Ohun tí èmi rí kọ́ kò ju èyí lọ: kò sóhun tó burú nínú kéèyàn lọ sí kóòtù, kó lọ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn má ká ọwọ́ gbera de ìdájọ́ nígbà tí ewu ti wà lójú fèrèsé. Ẹni tí nǹkan bá máa gbé lọ kò lè dúró kí wọ́n kọ́kọ́ wá olóhun rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín rí, afárá ni o, kànga ni o, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kì í ṣe tàwọn? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, tí mo bá dé, n ó kà á.

Torí pé nígbà tí mo ń kọ èyí, mo gbójú sókè wo ẹ̀yìn ilé. Omi dúró jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ kan ti yí orí padà, ó kọjú sí fèrèsé Yèyé. Bàbá Táyọ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, agbọ̀n méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mò ń lọ bu ẹrẹ̀.