Ahéré Yésúfù

Nígbà ayé Yésúfù, ẹni tó bá dé oko rẹ̀ lẹ́bàá Ifọ̀ á ní ọ̀lẹ ló ni ín. Kì í sun ìgbẹ́. Koríko tó bá ro, orí ebè iṣu ló ń kó o lé. Mùnírátù ìyàwó rẹ̀ a máa kùn pé ojú ń ti òun. Ọkọ á rẹ́rìn-ín, á tọ́ka sí ìmí ekòló tó wà káàkiri.

“Ìyá Hàfísátù, àwọn alágbàṣe mi nìyẹn. Oúnjẹ wọn ni mo tẹ́ sílẹ̀.”

Nígbà tó kú, àánú opó ṣe Mùtàlíbù àbúrò rẹ̀. Ó bá a ro oko, ó gbá a mọ́ féfé, ó sì ti iná bọ̀ ọ́. Ó fẹ́ sun ahéré Yésúfù tó ti wó pẹ̀lú.

“Ọkọ mi, ẹ má fọwọ́ kàn án,” ni Mùnírátù wí, ohùn rẹ̀ le. “Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí.”

Ọdún tí ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, ọ̀dá dá. Ilẹ̀ le gbagidi, iṣu jóná sínú ebè. Mùnírátù lọ jókòó sórí koríko òrùlé ahéré náà. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́, títí kan ẹ̀rín tó máa ń bí i nínú. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko, ibẹ̀ tutù. Ó ká a kúrò díẹ̀: ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ekòló kan sì ń wọlẹ̀ lọ jẹ́jẹ́.

“Bàbá Hàfísátù,” ó wí, “àwọn alágbàṣe yín ṣì wà níbí. Ẹ̀yin nìkan ni kò sí.”