Bàbá Apóṣọ̀n àti Ẹ̀bi Iná

Ọjọ́ tí wọ́n mú olè búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà bẹ́kìrì Bàbá Apóṣọ̀n, àwọn èrò ti ń wá igi tí wọn ó fi lù ú, ni bàbá bá ké pé kí wọ́n gbé ọ̀bẹ wá. Olè bú sẹ́kún. Bàbá gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e lé tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó fún olè ní ìlàjì: "Ebi ló ń pa ìwọ." Ó gé èyí tó jọjú fún ajá tó lé e mú: "Ìwọ nìkan lo ṣiṣẹ́ níbí." Ó wá gbọn èérún orí tábìlì sọ́wọ́ àwọn èrò. "Ẹ̀yin, ariwo lẹ pa. Ó tó yín."

Inú bí télọ̀ òdìkejì. "Bàbá, ṣé bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nìyẹn?"

"Ta ní ń pín in? Mò ń apóṣọ̀n ẹ̀ ni!"

Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni o, kóòtù ló ti gbé e bọ̀. Wọ́n pè é lọ jẹ́rìí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù méjì kọlu ara wọn, adájọ́ sì ní òun fẹ́ apóṣọ̀n ẹ̀bi láàárín àwọn awakọ̀. Ó délé, ìyàwó ẹ̀ bi í pé ta ló jàre. "Èmi ò gbọ́ ìyẹn," ló wí, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan!" Bí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ṣe di ìgbàgbé ládùúgbò nìyẹn.

Ẹ má sì dárúkọ "pín" níwájú ẹ̀ o. Á fa àga, á jókòó: "Kí èmi àti ìwọ gba ọgbọọgba, pípín nìyẹn, ọmọ ọwọ́ náà mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n kí kálukú gba ohun tó tọ́ sí i, apóṣọ̀n nìyẹn. Ó gba làákàyè!" Ó apóṣọ̀n bẹ́ẹ̀dì pàápàá. Nítorí pé ìyàwó ẹ̀ máa ń yí kiri lójú oorun, ó fún un ní èyí tó pọ̀. Ilẹ̀ ni ìyàwó bá a nígbà tó jí.

"Bàbá, ṣé ilẹ̀ ló wá tọ́ sí yín?"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Má bá mi sọ̀rọ̀."

Ohun kan ṣoṣo tí kì í pa á lẹ́rìn-ín ni ti àwọn ọmọbìnrin ẹ̀ méjèèjì. Iná jó yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí ní bẹ́kìrì. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò ló jẹ̀bi, àbúrò ní irọ́ ńlá, ẹ̀gbọ́n ni. Láti ìgbà yẹn wọn ò kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá gba iwájú wọlé, èkejì á gba ẹ̀yìn jáde. Ó dun bàbá wọnú eegun.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. "Mo fẹ́ apóṣọ̀n ẹ̀bi iná yẹn kí n tó lọ." Ìyàwó ẹ̀ mọ̀ pé èyí tí ẹ̀bi bá pọ̀ sí lọ́rùn nínú wọn ò tún ní tẹ ilé yẹn mọ́.

"Tèmi ni gbogbo ẹ̀," ni bàbá wí. "Èmi ni mo ra ààrò àlòkù. Èmi ni mo ní kò nílò àtúnṣe. Kò kàn yín rárá."

"Háà, rárá o, Bàbá!" ni ẹ̀gbọ́n ké. "Èmi ni mo kó àpò ìyẹ̀fun sún mọ́ iná."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kó o síbẹ̀?" ni àbúrò já lù ú. "Ṣebí èmi ni! Èmi náà ni mo sì gbàgbé láti pa ààrò."

"Ó rẹ̀ ọ́ ni. Èmi ló yẹ kí n dúró tì ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹ̀bi mi mọ́ mi lọ́wọ́!"

Ni wọ́n bá ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí aṣọ ọ̀fẹ́. Bàbá dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Ẹ dá sí i nísinsìnyí. Ẹ sọ èyí tó kan kálukú fún wọn."

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ni bàbá wí. "Ìgbà wo lo gbọ́ kẹ́yìn tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀?"

Ẹjọ́ tó dá kẹ́yìn láyé nìyẹn. Àárò bàbá yẹn ń sọ wá o.