Ohùn Tó Pè Mí Láti Inú Háàdì-dísìkì Àlòkù

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fẹ́ ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sókótó lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ní kí n sọ pálọ̀ mi di ilé sinimá. Kì í ṣe àlọ́ o! Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì ta bá, kó mọ̀ pé òun gan-an ni mo ń bá wí.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ọkọ mi ti kú, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Èmi nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé wa ní Kofar Rini, ooru oṣù kẹrin sì ti gorí àlééfà. Kí ni obìnrin tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì fún ọgbọ̀n ọdún yóò máa fi ojúmọ́ ṣe? Mo fẹ́ràn fíìmù. Mo sì kórìíra kí ilé dákẹ́.

Ọmọ mi àgbà ti fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún mi. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé ènìyàn lè so irú rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kó fi nǹkan díẹ̀ kún un, kó sì di sinimá inú ilé láìjẹ́ pé olúwa rẹ̀ jẹ́ olówó. Ni mo bá gba àdúgbò Gawon Nama lọ sọ́dọ̀ Sàhíìdì.

Ọmọ Ìlọrin ni Sàhíìdì, baálé ilé ni, ó sì mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dunjú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwa Yorùbá tó wà ní Sókótó ń gbé ẹ̀rọ wa lọ tó bá bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà là ń tà á sí tó bá sú wa.

Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa ṣe. Mo ní kó máa ṣe fíìmù, kó máa kọrin, kó má sì dákẹ́. Bí ọ̀kan bá ti parí, kó fúnra rẹ̀ mú òmíràn, ohunkóhun tó bá sáà ti wà nínú rẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́! Kí ẹ̀rọ dákẹ́ làwọn tó kù máa ń bẹ̀ mí fún."

Fáànù inú kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ bá mi pààrọ̀. Ti tẹ́lẹ̀ ń bú bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ní fíìmù tí ènìyàn ń gbọ́ fáànù nínú rẹ̀ kì í ṣe fíìmù. Òótọ́ ni! Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, fáànù ńlá tó ń yí jẹ́jẹ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ki kàádì tó ń gbé àwòrán lọ sórí tẹlifíṣọ̀n bọ̀ ọ́. Mo mú rìmóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, nítorí ojú mi. Mo mú UPS, nítorí iná Sókótó kì í dágbére kó tó lọ. Kíbọ́ọ̀dù ìtẹ̀wé tí kò ní wáyà, mo ní kó gbé e padà síbi tó ti mú un wá. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Orí sípíkà la ti jà. Ó ní méjì ti tó fún pálọ̀ mi. Mo ní márùn-ún ni mo fẹ́, mẹ́ta níwájú, méjì lẹ́yìn àga.

"Màmá, àwọn tẹ̀yìn yẹn á máa dẹ́rù bà yín o."

Èmi? Èmi tí mo ṣọ́ ilé gbígbé àwọn ọmọ iléèwé obìnrin fún ọdún méjìlá? Mo ní kó so márààrún.

Ó wá ku háàdì-dísìkì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Tèmi kéré jù. Sàhíìdì ní tuntun kan, ó tún ní àlòkù kan tó tóbi ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó ní kí n mú tuntun, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ojú àlòkù ti rí. Mo ní èmi náà, àlòkù ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì so ó. Ó yẹ kó kọ́kọ́ nu inú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àkókò ìrun Àlásàrì ti wọlé, ó ń kánjú. Èmi náà ò bèèrè.

Ọjọ́ méjì kọjá. Fíìmù ń dùn, mo ń gbádùn ara mi.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà lẹ́yìnkùlé, mo ń sá aṣọ. Mo gbọ́ ìpè ìrun. Mo ṣe àlùwàlá, mo wọlé, mo tẹ́ ẹní, mo fẹ́ dìde dúró báyìí ni ojú mi bá aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá àárọ̀! Ta ló ń pe ìrun láago mọ́kànlá?

Ibẹ̀ ni mo ti wá ronú sí ohùn náà. Ohùn tó máa ń sán níparí, bí ìkòkò tó ti là. Ohùn ládánì àdúgbò wa àtijọ́ ni. Ọkùnrin náà ti kú, gbogbo àdúgbò ló sin ín.

Mo na orí kọjá ògiri, mo bi ìyàwó aládùúgbò mi bó gbọ́ ìpè ìrun, "Hajiya, kin ji kiran sallah?"

Ó wò mí bí ẹni tí oòrùn ti pa. "A'a. Lokaci bai yi ba." Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, pé àkókò ò tíì tó.

Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Mo gbé e sọnù lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì. Ẹnì kan pè mí láti pálọ̀.

"Àwẹ̀ró."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyá wa kọ́ wa. A kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Ṣùgbọ́n ènìyàn méjì péré ló ń fi oríkì yẹn pè mí láyé mi, ìyá mi àti ọkọ mi. Kí orí mi tó rántí pé àwọn méjèèjì ti wà nínú ilẹ̀, ẹnu mi ti dáhùn.

"Mo ń bọ̀ o!"

Mo wọ pálọ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Ni mo bá gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn àga mi. Ẹ̀ẹ̀mejì tó le, ìkẹta kékeré, bí ẹni ń tọrọ gáfárà. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikọ́ yẹn.

"Ràfí, ṣé o ti ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró?"

Ọkọ mi ni! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátùl Kúrúsíyyù, mi ò rí i parí. Ohùn obìnrin kan sì dá a lóhùn láti apá ọ̀tún:

"Mo ti ránṣẹ́, Bọ̀dá mi."

Mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára UPS.

Ohùn obìnrin yẹn kò dẹ́rù bà mí ní tirẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ni ín kò kú, ó ń gbé ní Mabera, nínú Sókótó níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni Ràfíátù. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí mo dé ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ẹ sì mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́. Mo ń kí i pẹ̀lú "ẹ", òun ń pè mí ní "Ìyàwó", ó ń fi "o" bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí mo ti gboyè ní yunifásítì!

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, Ràfíátù nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, níléèwé tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ilé wa. Kò sẹ́ni tó wá pè mí. Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ni mo bá.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, níwájú gbogbo ẹbí, Ràfíátù sunkún, ó ní òun ránṣẹ́ sí mi, mo ní mi ò ráyè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kú pẹ̀lú ìbínú mi nínú. Mo búra. Ta ló gbọ́? Láti ọjọ́ náà, ẹbí ọkọ mi kì í dáhùn ìkíni mi. Èmi fúnra mi ò mọ̀ bóyá ó kú pẹ̀lú ìbínú lóòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bi ara mi léèrè.

Mo ránṣẹ́ pe Sàhíìdì. Ó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tú inú háàdì-dísìkì náà. Ó rí orin, ó rí iṣẹ́ iléèwé, ó sì rí àpò kan tí wọ́n kọ "Kásẹ́ẹ̀tì Bọ̀dá" sí. Ọ̀rọ̀ náà yé mi ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, nítorí náà ọkọ mi kì í kọ lẹ́tà sí i. Orí kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń gba ohùn rẹ̀ sí, a ó fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ràfíátù kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà lọ, tọ̀dọ̀ wa àti tọ̀dọ̀ ìyá wọn, ó ní wáàsí lásán ni.

"Ta ló ta dísìkì yìí fún ọ?" ni mo bi í.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ Hàjíyá Ràfíátù ti Mabera ni, Màmá. Nígbà tó parí yunifásítì. Ó ní òun kó ohùn àwọn kásẹ́ẹ̀tì kan sí i fún ìyá òun. Màmá, ẹ dárí jì mí, mi ò nù ún."

Ó ní ṣé kóun nù ún báyìí. Mo ní bó bá fọwọ́ kàn án, màá gé ọwọ́ náà. Mo ní kó máa lọ. Mo nìkan jókòó, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ mi ń kí ìyá rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Wọ́n gbàgbé ẹ̀rọ, ó ń gbà lọ. Ó pè mí. Ó bi Ràfíátù bó ti ránṣẹ́, ìyẹn ní òun ti ránṣẹ́.

"Kí ló wí?"

Fáànù yàrá nìkan là ń gbọ́. Ràfíátù wá ní, "Ó ní òun ò tíì ráyè."

Ikọ́. "Ó dáa. Fi í sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mi ò bínú sí i."

Lẹ́yìn náà ni ládánì pe ìrun lóde. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ o! Kì í ṣe ẹbí nìkan ni Ràfíátù purọ́ fún. Ó purọ́ fún ẹni tó ń kú lọ!

Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wá wo fíìmù. Ó gun àchàbà, ọ̀kadà àwọn ará ibí, dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé.

"Ìyàwó! Wọ́n ní o ti di onísinimá. Ogbó yìí náà?"

"Ẹ wọlé, Eyínfúnjowó. Ẹ jókòó sáàárín, ibẹ̀ ló dùn jù."

Mo gbé ẹ̀pà síwájú rẹ̀. Ó ní fíìmù wo ni, ṣé ti Íńdíà? Mo ní ti ilé ni. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà tí ọkọ mi kí ìyá wọn, ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú àwo. Nígbà tó pe Àwẹ̀ró, ó dìde, ó yíjú sẹ́yìn, ògiri ló rí. Ikọ́ náà dé. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: "Ràfí, ṣé o ti ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ara mi ṣì ń bù máṣọ títí di òní. Ràfíátù la ẹnu. Ohùn rẹ̀ ti òní àti ohùn rẹ̀ ti ọjọ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti ẹnu rẹ̀, ọ̀kan láti apá ọ̀tún:

"Mo ti ránṣẹ́, Bọ̀dá mi."

Kò sí èyí tó ṣíwájú. Àbí ojoojúmọ́ ló ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí kò fi sọnù lẹ́nu rẹ̀?

"Kí ló wí?" Ẹ̀rọ nìkan ló dá èyí lóhùn.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo ní, "Ràfíátù, jókòó." Láti ọdún tí mo ti wọ ilé wọn, n kò pe orúkọ náà rí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tí òun lè rán lọ́jọ́ náà, àdúgbò dá, ẹ̀rù sì ń ba òun pé bí òun bá jáde, kóun tó padà ó ti kú. Ó ní òun ò lè sọ fún un pé òun ò ránṣẹ́.

Mo ní, "Ìyẹn yé mi. Àdúà ọjọ́ kẹjọ ńkọ́? Ìbínú tó o ní ó bá kú ńkọ́?"

"Wọ́n bi mí pé níbo ni ẹ wà. Mo ti sọ ọ́ fún òkú, Ìyàwó mi. Kí ni mo tún máa sọ fún alààyè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ jù.

Sàhíìdì bá mi kọ ohùn náà sórí CD, mo fi rán olórí ẹbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n pe gbogbo ilé jọ, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì dá CD náà padà fún mi. Baba náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ mí láago, ó ní kí n dárí ji ẹbí. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí ẹ bá ra dísìkì àlòkù, ẹ wo inú rẹ̀ lójú ẹni tó tà á. Bí ẹ bá ń ta tiyín, ẹ kó ẹrù yín kúrò níbẹ̀. Ẹ náwó sórí ohùn àti fáànù tó dákẹ́ kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun. Ẹni tó bá sì fẹ́ purọ́ mọ́ ìyàwó ilé, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń gbọ́ òun.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bá nínú ẹrù àlòkù tí ẹ rà? Ṣé ohùn òkú ti pè yín rí, ṣé ẹ sì dáhùn? Ẹ kọ ọ́ sí mi, màá kà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ Ràfíátù. Ọmọ rẹ̀ ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà dànù, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sí níbòmíràn mọ́ fún un. Ó ti rán ìmáàmù sí mi, ó ti rán Sàhíìdì, ó ní òun ò tọrọ ìdáríjì, kí n sáà ṣe ẹ̀dà kan fóun. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkọ mi. Kí òun náà dúró. Ó ti lo ọdún kan. Ó ku mẹ́jọ.